Awò Tí Wọ́n Họ Orúkọ Rẹ̀ Nù

Ẹni tó ta awò yẹn fún mi ti kú, wọ́n sì ní kí a má sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. Mo gbọ́. Èmi náà á kú, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí n tó lọ.

Ìkòkò ni mo ń mọ ní Ìlọrin níbí, bí ìyá mi ti mọ ọ́n. Abẹ́rẹ́ ni bàbá mi ní tirẹ̀ fi ń jẹun; òun ló ń fi òwú ṣe ọnà sí ọrùn agbádá àwọn àlùfáà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe abẹ́rẹ́ ni àdúgbò fi mọ̀ ọ́n, ojú ni. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, bí àwẹ̀ bá ń lọ sópin, bàbá mi a gun àpáta Sobí lọ wo oṣù, a sì wá jẹ́rìí níwájú Lèmọ́mù àdúgbò wa. Bó bá ní òun rí i, ó di kí á máa palẹ̀ ọdún mọ́ nìyẹn. Bó bá ní òun ò rí i, kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn.

Abẹ́rẹ́ yẹn náà ló jẹ ojú rẹ̀. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rí i kedere, ṣùgbọ́n ohun tó bá jìnnà ti di kùrukùru. Ó wá ṣíwọ́ òkè gígun. Nígbà tí àwọn yòókù bá ń lọ, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa fa tẹ̀súbáà rẹ̀ títí wọ́n á fi dé. Ó máa ń dùn mí wọnú egungun.

Lẹ́yìn Ogun Jámánì, ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa tó bá àwọn òyìnbó jagun ní Kamẹrúùnù gbé awò alójú méjì bọ̀, irú èyí tí àwọn ọ̀gá sójà fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Ó ní ti ọ̀gá Jámánì kan ni. Ó gbé e fún bàbá mi lọ́jọ́ kan létí odò Asà, níbi tí màlúù kan ti ń jẹko ní òdìkejì. Bàbá gbé e sójú, ó yí i díẹ̀.

“Ìwo màlúù yẹn ti ṣẹ́,” ó wí.

Àwa tí ojú wa dá ṣáṣá ò mọ̀ pé ìwo rẹ̀ ṣẹ́. Bàbá mi rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Mo bẹ sójà náà kó ta á fún mi, ó kọ̀, kò sì pẹ́ tó fi gba Èkó lọ tòun tawò. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá irú rẹ̀ kiri.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ra ọjà nígbà yẹn, kí ẹ lè mọ ibi tí wọ́n ti rí wa mú. Ìlú tí nǹkan ti wá la kọ́kọ́ ń bèèrè. Àwọn àgbà ní ti Gẹ̀ẹ́sì dáa, ti Faransé dùn ún wò, ṣùgbọ́n ti Jámánì ló ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Nígbà tí ogun wá bẹ́, ìròyìn gbòde pé ẹni tí wọ́n bá ká ohun Jámánì mọ́ lọ́wọ́, wọ́n á mú un bí ọ̀rẹ́ ọ̀tá. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni, ta ló fẹ́ dúró wò ó? Kálukú gbé irin, wọ́n ń họ orúkọ Jámánì kúrò lára ọ̀bẹ àti abọ́. Bàbá mi họ ti ara àlùmọ́gàjí rẹ̀. Àlùmọ́gàjí ò bínú, ó ń gé aṣọ lọ bó ti ń gé e tẹ́lẹ̀.

Ìgbà tí ogun parí ni ìwà òmùgọ̀ wa wá yọ. Ohun tí wọ́n bá ti họ lára, Jámánì ni, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n họ wá di orúkọ. Àwa tí a ò mọ ìwé òyìnbó pàápàá mọ àpá kà. Àwọn ọ̀dájú kan sì rí i pé àpá ò ṣòro dá. Wọ́n á ra jákujàku láti ibi tó bá wù wọ́n, wọ́n á jókòó sẹ́yìn ìsọ̀, wọ́n á fi ọwọ́ ara wọn họ ọ́.

Ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tí mò ń sọ. Láwàní ńlá ló ń wé, ìlà iwájú ló ń dúró sí ní mọ́sálásí. Ní Ọjà-Ọba ló ti na awò sí mi.

“Wàláhì, ẹ fọwọ́ pa á wò, ìyá wa. Ṣé ẹ ò rí ibi tí wọ́n họ ni? Jámánì pọ́ńbélé!”

Mo fọwọ́ pa á. Ó rí gbágungbàgun, gẹ́lẹ́ bíi ti àlùmọ́gàjí bàbá mi. Mo fẹ́ gbé e sójú.

“Há! Ẹ má gbé e wò nínú oòrùn yìí o. Á jó yín lójú!”

Mo gbọ́ tirẹ̀. Èmi tí n kì í ra ìkòkò ẹlòmíràn láìfi ìka kàn án gbọ́ bóyá ó sán, mo fún un lówó, mo dì í sínú aṣọ, mo tún ń kí i pé àlùbáríkà.

Ọjọ́ tí a ó wo oṣù ìtúnu gan-an ni mo gbé e fún bàbá mi, kó lè bá a lójijì. Obìnrin kì í sábà bá wọn lọ, ṣùgbọ́n ta ni ì bá mú un lọ́wọ́ gun àpáta? Nígbà tí a dókè, ó fi wo igbó ìsàlẹ̀, ó ní ó ń fa òun lójú díẹ̀, pé igi pọ̀. Igi pọ̀ lóòótọ́. Ta ló mọ iye igi tó wà nínú igbó?

Ìkùukùu bo ìwọ̀-oòrùn. Àgbẹ̀ kan láti abúlé ní òun rí oṣù fẹ́ẹ́rẹ́, àwọn yòókù ní àwọn ò rí nǹkan. Ẹlẹ́rìí méjì sì ni òfin ṣàríà ń bèèrè. Bàbá mi gbé awò sójú títí ìkùukùu fi là díẹ̀.

“Mo rí i,” ó wí.

Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

“Méjì ni,” ó wí, ohùn rẹ̀ lọlẹ̀.

“Bàbá, ẹyọ kan loṣù.”

“Mo mọ̀. Méjì ni mo rí.”

Ìkùukùu ti tún padé. Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀, mò ń bẹ̀ ẹ́. “Ẹ ṣáà ní ẹ rí oṣù. Ẹ má dárúkọ iye.”

“Bí Lèmọ́mù bá wá ní kí n ròyìn rẹ̀ ńkọ́?”

Lèmọ́mù ní kó ròyìn rẹ̀. Iwájú gbogbo ọkùnrin àdúgbò ni, èmi wà lẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi ní, “Méjì ni mo rí, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìwo wọn kọjú síbì kan náà.”

Ọkùnrin oníláwàní yẹn, ẹni tó ta awò fún mi, ló sọ̀rọ̀ láti ìlà iwájú.

“Bàbá, ẹlẹ́rìí méjì la ní ká rí. A ò ní kí ẹ bá wa rí oṣù méjì!”

Ẹ̀rín bú. Lèmọ́mù bá wọn wí, ṣùgbọ́n ó ní, “Bàbá, mo mọ̀ yín sí olóòótọ́. Mi ò kàn lè fi oṣù méjì tú àwẹ̀ ni.” N kò bá Lèmọ́mù jà. Àwẹ̀ la gbà mọ́jú. Kó tó di ọ̀sán, oníṣẹ́ dé láti ìlú kejì pé oṣù ti lé lánàá, pé wọ́n ti kírun ọdún. A sáré mumi, kálukú ń ráhùn pé àwọn gbààwẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tó rántí pé bàbá mi ti ní òun rí i. Ohun tí wọ́n rántí ni ẹ̀fẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké ń pè é ní Bàbá Oṣù Méjì.

Mo gbé awò lọ bá ọkùnrin náà ní Ọjà-Ọba. Mo pariwo débi pé wọ́n pa ọjà tì, wọ́n yí wa ká. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ojú bàbá yín ló ti gbó, awò ò ṣe nǹkan kan. Ẹ mú un wá.”

Ó gbé e. Kí awò tó kàn án lójú, ó ti di ojú òsì rẹ̀, bí ẹni tó ti ṣe é títí tó ti mọ́ ọn lára. “Kedere!” ó wí. “Igi kan rèé, ẹyẹ kan lórí ẹ̀.”

Mo já a gbà. Mo fi ojú méjèèjì wò ó: igi méjì, ẹyẹ méjì. Mo di ojú òsì: igi kan, ẹyẹ kan, mo ń rí ìyẹ́ rẹ̀. Ojú ọ̀tún awò náà dára. Ojú méjèèjì ni ò wo ibì kan náà. Ó mọ̀. Ó mọ̀ lọ́jọ́ tó tà á, ó sì mọ̀ nígbà tó ń fi bàbá mi ṣẹ̀fẹ̀. Mo bú u, mo bú láwàní orí rẹ̀, àwọn èèyàn ló fà mí kúrò.

Títí di òní n kò mọ ìlú tí wọ́n ti ṣe é. Bóyá Jámánì ni lóòótọ́, tó ti já bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan rí. Orúkọ ìlú ò lè sọ ìyẹn fún yín, kí wọ́n kọ ọ́ tàbí kí wọ́n họ ọ́.

Mo sáré délé. “Bàbá, ojú kan péré ni kí ẹ dì! Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, ẹ di ojú òsì, ẹyọ kan lẹ ó rí.”

Ó gbé awò sójú, ó di ojú òsì, ó wo orí igi àgbàlá fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó dá a padà fún mi.

“Ó dára,” ó wí. “Ṣùgbọ́n bí mo bá dé iwájú wọn tí mo ní ẹyọ kan, wọ́n á ní mo ti kọ́ irọ́.”

Kò gun Sobí mọ́ títí tó fi kú. Wọ́n ní kí n dárí ji ọkùnrin yẹn. Bàbá mi ló ni ìdáríjì náà, kò sì fi sílẹ̀ fún mi.