Omi Ìsàlẹ̀ Oko Bàbá Mi

Mo rántí òórùn oògùn kòkó lára aṣọ bàbá mi. Lásìkò òjò, tí àrùn bá ti ń sọ èso kòkó di dúdú lórí igi, gbogbo oko ẹ̀yìn ìlú Aládé ní Ìdànrè ló máa ń rùn bẹ́ẹ̀. Kòkó yẹn ló rán mi lọ sí yunifásítì, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ọ̀nà tí oògùn oko ń gbà dénú omi tí èèyàn ń mu. Nígbà tí mo padà wálé wá ṣèwádìí lórí odò abẹ́ oko wa, mo gbé kọ̀ǹpútà há abíyá bí ẹni tó gbé ìwòsàn bọ̀. Ọmọdé ń ṣe mí.

Tọkọtaya kan láti apá Ọ̀yọ́ ń gbé inú ahéré wa, wọ́n ń bá bàbá mi tọ́jú oko kí wọ́n lè pín nínú kòkó. Ìyàwó wà nínú oyún. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀ rí. Odò yẹn ló ń pọn mu, nítorí kànga ẹ̀rọ abúlé ti bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ní òjò ni ọ̀tá wa: àpáta Ìdànrè kì í fa omi mu, bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fín oògùn, gbogbo rẹ̀ ló ń gba inú oko wọ́ lọ sódò. Ṣùgbọ́n omi tí mo bù nígbà tí òjò dá burú ju ohun tí kọ̀ǹpútà wí lọ. Mo rò pé mo ṣì í ṣírò ni, mo tún un ṣe títí ojú fi ń ta mí. Àfi ìgbà tí mo bá ọkọ obìnrin náà létí odò, tó ń po oògùn níbẹ̀ kó má baà ru omi gun òkè. Nígbà tó fín in tán, ó tún padà wá fọ ẹ̀rọ tó gbé kọ́ ẹ̀yìn sínú odò. Bí gbogbo wọn ṣe máa ń ṣe nìyẹn, àti bàbá mi náà. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ìyàwó rẹ̀ ti ń pọn omi.

Mo ṣàlàyé fún un, ó sì gbọ́. Láti ìgbà náà ló ti ń ru omi gun òkè lọ po oògùn. Ó wá ku ti òjò. Mo bẹ bàbá mi pé kó fi àwọn igi tó sún mọ́ odò sílẹ̀ láìfín.

“Àwọn tó dáko sókè wa ńkọ́?” ni bàbá mi wí. “Ṣé gbogbo wọn lo máa bẹ̀? Bí mi ò bá fín kòkó, á jẹrà. Kí lo wá fẹ́ kí aboyún yẹn jẹ?”

Mo ń ra píọ̀ wọ́tà fún obìnrin náà, ṣùgbọ́n kò tó o mu.

Òjò dé, oyún náà sì wálẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí i, ó tẹjú mọ́ mi, ó ní, “Àǹtí, ṣé omi yẹn ni?”

Kọ̀ǹpútà mi mọ oko tí oògùn ti wá, ó mọ òjò tó gbé e. Kò mọ ohun tó ba oyún jẹ́ lára èèyàn. Mo ní mi ò mọ̀. Ó mi orí, ó ní kí n jókòó, pé mo ti rìn jìnnà. Ẹkún ni mo sun délé.

Àwọn olùkọ́ mi yin iṣẹ́ náà gan-an. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ohun tí àwa ń dà síwájú ara wa lórí òkè yẹn, n kò mọ irú ilẹ̀ tí yóò mú wa tẹ̀. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé báyìí, bí òjò bá sì ti ṣú lápá Ìdànrè, inú mi á bàjẹ́. Lánàá, bàbá mi pè mí lórí fóònù, ó ní obìnrin náà ti tún lóyún. Mo bi í bóyá wọ́n ti tún kànga ẹ̀rọ ṣe. Ó ní wọn ò tíì tún un ṣe.