Bẹbíńkà Tó Tètè Jinná

Ní Lilburn níbí, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, èèyàn lè lo ọ̀sẹ̀ kan láìgbọ́ "ẹ káàárọ̀". Láti ìgbà tí àwọn ọmọ mi ti kó lọ, tẹlifíṣàn ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń kanlẹ̀kùn mi ni ìyá arúgbó kan, ará Goa ní ilẹ̀ Íńdíà, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Mọ́mì ni mò ń pè é. Ẹnu mi ò gbà á láti máa pe ẹni tó tó ìyá mi lórúkọ bí àwọn ará ibí.

Bí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, á pè mí kí n wá bá òun jókòó ti bẹbíńkà, àkàrà òyìnbó kan tí wọ́n ń fi pupa ẹyin, ṣúgà àti wàrà àgbọn ṣe. Ìpele ìpele ni. Á da ìgbakọ kan sínú páànù, á gbé e sínú ófùn. Àfi kó pọ́n kó tó da òmíràn lé e. Mọ́mì kì í sì í tètè dìde. Á kọ́kọ́ parí ìtàn tó ń sọ, á mu tíì, á béèrè àwọn ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ á fi ṣú. Kò sí ọjọ́ mìíràn lọ́dún tí mo fẹ́ràn tó ọjọ́ náà.

Lọ́dún tó kọjá, ó ní ọmọ òun ń bọ̀ wá mú òun lọ máa gbé ní Texas. Bẹbíńkà tí a máa jọ ṣe kẹ́yìn nìyẹn. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, ó ti wà lórí ìdúró pẹ̀lú ìgbakọ lọ́wọ́. Ta ló bí mi tí àgbà á wà lórí ìdúró tí èmi á jókòó? Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ lọ sinmi ní pálọ̀. Màá ṣe é."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Ó wò mí díẹ̀, ó lọ. Mo dà á, ó pọ́n, mo tún dà á. Ara mi yá gágá. Mo fọ abọ́, mo nu ilẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí mo fi ṣe tán. Mo yọjú sí pálọ̀, Mọ́mì ti sùn.

Nígbà tó jí, ó fọwọ́ kan ojú bẹbíńkà náà.

"O ti parí ẹ̀? Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ sọ fún ọ lónìí."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́. Ó ní ìtàn tí èèyàn ń sọ nídìí ófùn ni, nígbà tó bá ń dúró kí ìpele pọ́n, àti pé ẹrù òun wà nílẹ̀ tí òun kò tíì dì. Ó gé ìdajì fún mi, mo gbé e lọ sílé. Odindi ọ̀sán ṣì kù sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí màá bá lò ó.