Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Gbé Wa Gba Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ilé wa àti ti aládùúgbò ni pápá ìṣeré wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí: omi pípọn ní ìdájí, àgbàlá tá a gbọ́dọ̀ gbá ká tó lọ ilé-kéú, àti pàṣán tí àáfà fi ń dúró de ẹni tó bá pẹ́ dé.

Lọ́dún kan, àbúrò wa jòjòló kú. Ibà ló ṣe é, kò tíì lè dá jókòó. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín, Màmá mi ò sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n á dáná, wọ́n á bu oúnjẹ fún wa, wọ́n á padà lọ jókòó sẹ́nu fèrèsé. Ilé wa kún fún èrò, gbogbo wọn ló sì ń fi orúkọ mi pè wọ́n pé, "Ìyá Múkáílà, ẹ má sunkún o. Ọlọ́run á fún yín ní òmíràn."

Bàbá mi, tó ń ta aṣọ ní Bàlógun, yá mọ́tò Pijó ẹ̀gbọ́n wọn lọ́jọ́ Sunday kan, wọ́n ní ká wọ inú rẹ̀. Èmi àti Ṣìfáwù, àbúrò mi obìnrin, jókòó sẹ́yìn, mọ́ínmọ́ín eléwé gbígbóná ń jó wa nítan.

A kọjá Ẹ̀pẹ́, a dorí kọ ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Mi ò tíì rí igbó rí. Igi ṣíji bo ọ̀nà, òórùn ewé tútù àti gàrí tí wọ́n ń yan ń wọlé sí wa. Bàbá ń dárúkọ abúlé kọ̀ọ̀kan fún Màmá.

Nígbà tá a dé ẹ̀bá odò kékeré kan, Màmá fọwọ́ kan Bàbá léjìká. Mọ́tò dúró. Màmá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n bu omi sójú, ni igbe bá ta lẹ́nu wọn. Ṣìfáwù fẹ́ sáré lọ bá wọn, Bàbá dì í mú.

"Ẹ jẹ́ kí ìyá yín sunkún. Nílé, àwọn èèyàn ò gbà fún un."

Bàbá kọjú sí igbó. Èjìká àwọn náà ń gbọ̀n.

Nígbà tí Màmá padà wọ mọ́tò, ojú wọn ti wú. Wọ́n bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò tíì jẹun?"

Lónìí, ògiri ilé ló kún ẹ̀bá ọ̀nà náà. Nígbà tí Bàbá kú, ìlú òyìnbó ni Ṣìfáwù wà. Mo gbé fóònù sétí Màmá, wọ́n sì ń tẹ́tí sí Ṣìfáwù títí ó fi sunkún tẹ́rùn. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, mọ́tò àyálò kan gba gbogbo wa. Nísinsìnyí mo ti ní tèmi, èmi nìkan ni mo sì sábà ń wà nínú rẹ̀.