Lọ́ọ̀kì Mẹ́rin Abẹ́ Kọ̀ǹténà

Iṣẹ́ tíṣà físíìsì ni wọ́n gbà mí fún. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ tí mo bá fi ìbínú sọ ní kíláàsì lè so ẹ̀mí bàbá ọlọ́mọ kọ́ mi lọ́rùn.

Ilé ẹ̀kọ́ wa wà ní Ajégúnlẹ̀, kò jìnnà sí Malu Road, níbi kọ́nà kan tí tírélà tó ń bọ̀ láti Àpápá máa ń yà. Fèrèsé kíláàsì wa kọjú sí kọ́nà náà gan-an. Tí tírélà bá ń kọjá, tábìlì mi á máa gbọ̀n, màá dákẹ́ kó lọ, màá tún bẹ̀rẹ̀. Yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì tí à ń pariwo rẹ̀ fáwọn òbí kò ní ju àpótí kan tí eku ti jẹ ìdí rẹ̀ lọ, nítorí náà ohun tó bá wà nílé mi ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, tíréè oúnjẹ àti agolo mílíìkì ni mo gbé wá. Mo gbé agolo lé tíréè, mo tì í lọ síwájú, mo sì yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójijì. Agolo fò kúrò lórí rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Mo sọ fún wọn pé agolo kò mọ̀ pé kọ́nà dé. Ohun tó bá ń lọ tààrà á fẹ́ máa lọ tààrà ni, àfi tí ipá kan bá yí i padà. Mo wá fi rọ́bà so agolo mọ́ tíréè, mo tún yà á. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n jọ yà. Mo ní ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ti kọ̀ǹténà mọ́ tírélà.

Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé na ọwọ́. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ni, tó bá sì sọ̀rọ̀, ó máa ń ti rò ó dáadáa.

Ó ní, "Mà, bàbá mi kì í tì í o."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé lọ́ọ̀kì mẹ́rin ló wà lábẹ́ kọ̀ǹténà, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan, pé ṣíṣí ni bàbá òun máa ń fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kó lè jẹ́ pé tí kọ̀ǹténà bá fẹ́ ṣubú, kọ̀ǹténà nìkan ni yóò ṣubú, kò ní fa orí tírélà àti ẹni tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Na so dem dey do am, Mà."

Ó yẹ kí n bi í ní ìbéèrè. Ṣùgbọ́n mo ti fi ojú ara mi rí kọ̀ǹténà tó já lé mọ́tò kékeré kan lórí ní àdúgbò yìí, mo sì mọ bí mọ́tò náà ṣe rí lẹ́yìn náà. Inú bí mi. Mo ní ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó máa pa ló ń wá kiri. Ọmọ náà jókòó. Mo mọ̀ pé mo ti ṣàṣejù, ṣùgbọ́n ìgbéraga kò jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ mi padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tírélà kan dúró sí ẹnu kọ́nà wa pẹ̀lú kọ̀ǹténà lórí. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó ń béèrè mi. Yóò tó ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ́jọ́ orí. Ó ṣí fìlà, ó kí mi dáadáa, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ojú tì mí. Ó ní láti àná ni ọmọ òun kò ti jẹun, pé ó ní òun kò lè jẹ oúnjẹ ẹni tó ń wá ènìyàn tó máa pa.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó ní kí n fara balẹ̀. Ó wá sọ fún mi nípa ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ọ̀gá náà máa ń ti lọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní Creek Road, kọ̀ǹténà dojú dé lórí kọ́nà, ó fa orí tírélà mọ́ra.

"Ẹ̀yin kà á nínú ìwé ni, tíṣà," ó ní. "Èmi fi ọwọ́ mi méjèèjì fa òkú ọ̀gá mi jáde."

Òótọ́ ló sọ. Rọ́bà tó so agolo mọ́ tíréè ti so tíréè mọ́ agolo náà, mi ò sì rò ó débẹ̀ rí.

Ọmọ rẹ̀ ti wá dúró tì wá pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Kò wo ojú mi. Bàbá rẹ̀ ló kọjú sí.

"Dádì, tó bá já sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ títì lèmi ń gbà."

Ọkùnrin náà wo ọmọ rẹ̀. Ó wo etí gọ́tà tí àwọn ọmọ tó wọ yúnífọ́ọ̀mù ń tò gbà wọlé. Ó mú irin kan nínú ọkọ̀, ó tẹrí ba wọ abẹ́ kọ̀ǹténà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti lọ́ọ̀kì. Àwọn méjì ti dípẹtà, ó ní láti gbá wọn. Nígbà tó ti ìkẹrin tán, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó padà wá bá mi.

"Mo ti so ara mi mọ́ ọn. Kí ni kí n wá ṣe tí kò fi ní gbé mi lọ?"

Ọdún kẹrìnlá tí mo ti ń kọ́ni rèé, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé Ọlọ́run á ṣọ́ yín, mo gbé e mì. Mo sọ fún un pé eré ni kó dín kù. Tó bá dín eré kù sí ìdajì lórí kọ́nà, ipá tó fẹ́ dojú ọkọ̀ dé kò ní ṣẹ́kù ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Lọ́ọ̀kì nìkan kò tó, àfi kó rọra pẹ̀lú. Apá tí ìbínú kò jẹ́ kí n kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn.

Ó ní báwo ni òun ṣe máa rọra tó. Mo ní débi tí ọmọ rẹ̀ á fi lè máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú. Ó ní, lójú ọ̀nà Àpápá yìí? Ó gun ọkọ̀ rẹ̀.

Ọmọ náà di ọrùn ọwọ́ mi mú. Tírélà wọ kọ́nà díẹ̀díẹ̀. Táyà ẹ̀yìn bọ́ sí kòtò, kọ̀ǹténà fì sí ọ̀nà gọ́tà, gbogbo ọkọ̀ sì fì pẹ̀lú rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ mi ló mú kó so wọ́n pọ̀. Tírélà méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń fọn fèrè, dẹ́rẹ́bà kan yọrí síta, ó ń bú ìyá rẹ̀. Bàbá ọmọ náà kò yára. Táyà jáde nínú kòtò, ọkọ̀ dọ́gba, ó yà lọ.

Ọmọ náà tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Àpá èékánná rẹ̀ ti hàn lára mi.

Ó ní, "Mà, ṣé bó ṣe máa rí lójoojúmọ́ nìyẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. A wọlé, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo kíláàsì, mo sì kọ́ wọn ní apá tí mo fò.

Ó ti jáde nílé ẹ̀kọ́ wa báyìí, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá. Mi ò ní láti yọjú lójú fèrèsé kí n tó mọ̀ pé òun ni, nítorí òun nìkan ni wọ́n máa ń bú lórí kọ́nà wa. Tí mo bá ti gbọ́ èébú náà, ọkàn mi á balẹ̀, màá sì máa bá iṣẹ́ mi lọ.