Bọ́ọ̀dù Tó Lè Gbé Mi

Ọ̀rẹ́ mi fi fọ́tò bọ́ọ̀dù méjì ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, ó ní kí n mú ọ̀kan. Èyí àkọ́kọ́ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án, ó fẹ̀, ó sì nípọn bíi tìmùtìmù. Èkejì kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, imú rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó. Bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń gun ìgbì òkun ni mò ń wí, èyí tí èèyàn ń dùbúlẹ̀ lé, tí á máa fi ọwọ́ tu omi títí ìgbì á fi gbé e, tí á sì dìde dúró lórí rẹ̀.

Ìlú Òsì ni mò ń gbé, ó jìnnà sí òkun. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kò sì fojú kan òkun rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀ ní Èkó, èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí etíkun kan ní gbogbo Sátidé. Ibẹ̀ la ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun ìgbì. N kò fi bẹ́ẹ̀ dáńtọ́, ṣùgbọ́n mo lè dìde, mo sì lè dúró. Lẹ́yìn náà mo padà sílé, mo lọ́kọ, mo bí ọmọ mẹ́ta, ọdún mẹ́tàlá sì kọjá lọ báyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kò kúrò níbẹ̀ ní tirẹ̀. Òun ló ń kọ́ àwọn èèyàn ní etíkun náà báyìí.

Nígbà tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, ó ní òun á fi bọ́ọ̀dù kan ránṣẹ́ ṣáájú, kí n máa fi dánra wò lórí omi tó dákẹ́, kí apá mi lè ti le kí n tó dé.

"Èyí tó gùn ni kí o mú," ó wí fún mi. "Ẹni tó bá fi nǹkan sílẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlá, kì í ṣe ibi tó fi í sí ló ti máa bá a."

Ó béèrè bí mo ṣe wúwo tó báyìí, nítorí ìwọ̀n èèyàn ni wọ́n fi ń mọ bọ́ọ̀dù tó yẹ ẹ́. Mo dá a lóhùn pé àádọ́rin kílò. Irọ́ ni mo pa. Mo ti lé ní ọgọ́rin, ẹ̀rọ ìwọ̀n tó wà ní ilé ìwòsàn sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní oṣù kan péré ṣáájú ìgbà náà. N kò mọ ìdí tí mo fi purọ́ fún ẹni tó fẹ́ràn mi. Àbí mo mọ̀ ọ́n. Bọ́ọ̀dù kúkúrú ni mò ń gùn nígbà tí mo fi òkun sílẹ̀. Ojú ń tì mí láti padà sórí èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lónìí. Mo ní kó fi kúkúrú ránṣẹ́. Ó ní kò burú.

Ọ̀sẹ̀ ọdún Àjíǹde ni bọ́ọ̀dù náà dé sí garejì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń dáko ní Ìsọlọ̀-Òpin, ló fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé èmi àti ẹrù náà. Fúnra mi ni mo gbé e há abíyá nínú àpò tapólì tí wọ́n rán mọ́ ọn lára. Bí a ṣe fẹ́ kúrò ní garejì, obìnrin kan sún mọ́ wa, ó wo ẹrù gígùn tó wà ní abíyá mi, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè ta ló kú. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sẹ́ni tó kú. Ó ṣáná sí ọ̀kadà, a sì gba ọ̀nà ilé lọ.

Dáàmù kékeré kan wà lẹ́yìn oko rẹ̀. Igbó ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sé odò náà, àwọn igi tó kú sínú omi sì ṣì wà níbẹ̀. Àwọn kan yọrí, àwọn mìíràn wà lábẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi mú mi dúró létí omi, ó fi ọwọ́ júwe àpáta kan tó yọ jáde ní apá òsì, ó ní n kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Ó ní bí nǹkan bá ṣe mí lẹ́yìn ibẹ̀, òun kò lè ṣe nǹkan kan, nítorí òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Mo ṣèlérí fún un.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí mo ṣe dùbúlẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù náà, ó rì. Kò rì tán, ṣùgbọ́n omi bò ó, ó sì dé àyà mi. Mo ń fi ọwọ́ tu omi, n kò kúrò lójú kan. Mo sọ fún ara mi pé omi òkun ní iyọ̀, òun ló fi ń gbé nǹkan sókè ju omi dídùn lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló fa ohun tó ń ṣe mí. Lọ́jọ́ kejì, èjìká ń dùn mí débi pé n kò lè gbé ọwọ́ di irun mi. Ọ̀rẹ́ mi béèrè lórí fóònù bó ṣe ń lọ. Mo ní ó ń lọ dáadáa.

Ọjọ́ kẹta ni Sátidé. Òjò ti ṣú níhà Èrúkú ṣùgbọ́n kò tíì rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́bàá omi, ó ń fi gọ̀gọ̀, ọ̀pá gígùn tó ní ìkọ́ lórí, já kajú tó gbẹ̀yìn lórí igi. Mo pinnu pé lónìí, mo gbọ́dọ̀ dé àárín dáàmù kí n tó yí padà. Mo dé ibi àpáta náà. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i pé ẹ̀gbọ́n mi kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo kọjá.

Atẹ́gùn òjò ló dé lójijì. Omi tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ru, ó sì ń gbá bọ́ọ̀dù mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bọ́ọ̀dù tóóró kì í fara da irú rẹ̀ tí ẹni tó wà lórí rẹ̀ bá wúwo. Ó yí, mo sì já sínú omi.

Okùn kan wà tí wọ́n fi ń so bọ́ọ̀dù mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, kó má baà lọ kúrò lọ́dọ̀ èèyàn. Nígbà tí mo yọrí, mo fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ lọ di bọ́ọ̀dù náà mú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kò tẹ̀ lé mi. Mo fà á. Nǹkan kan fà á padà. Okùn náà ti lọ́ mọ́ ẹ̀ka igi nísàlẹ̀, bí mo sì ṣe ń jà, bẹ́ẹ̀ ló ń fún sí i. Mo na ọwọ́, mo di bọ́ọ̀dù náà mú, mo sì fi àyà lé e. Ó rì sábẹ́ mi. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ó tún rì. Omi wọ imú mi. Nígbà yẹn ni mo ké pe ẹ̀gbọ́n mi.

Ó sáré dé etí omi. Ó béèrè kí ló mú mi. Mo ní okùn ni, ó wà lẹ́sẹ̀ mi. Ó ní kí n tú u. Mo ní n kò lè tú u, ó jìn, mo gbọ́dọ̀ ki orí bọ omi, omi náà sì dúdú. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà mí láti ki orí bọ̀ ọ́. Mo rò pé bí mo bá wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, n kò ní yọrí mọ́. Mo ń fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lu omi, agbára sì ń tán lára mi.

Mo wá rí i tó wọ inú omi. Ó gbé gọ̀gọ̀ rẹ̀ dání, ó ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Omi dé orúnkún rẹ̀, ó dé ìbàdí. Mo ní kó dúró, ilẹ̀ ibẹ̀ já gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ wọnú kòtò. Kò dúró. Omi dé àyà rẹ̀. Mo rí ojú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó mọ ohun tó ń ṣe, mo sì mọ̀ pé ìṣísẹ̀ méjì sí i, èèyàn méjì ni Ìsọlọ̀ máa gbé sin.

"Bọ̀dá mi, mo ti ń tú u," mo wí fún un. "Ẹ dúró síbẹ̀. Mo ti ń tú u."

Mo mí kanlẹ̀, mo sì ki orí bọ omi. N kò rí nǹkan kan. Mo fi ọwọ́ tọ itan mi lọ sísàlẹ̀ títí mo fi kan okùn náà. Ọwọ́ mi yọ̀ lára rẹ̀. Mo padà yọrí, mo wúkọ́, mo tún ki orí bọ̀ ọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, mo rí etí ọ̀já tí okùn náà fi lẹ̀ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ mi mú, mo fà á ya, ẹsẹ̀ mi sì já gbà. Mo fi bọ́ọ̀dù sílẹ̀ níbẹ̀. Bí mo ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀, iṣan ẹsẹ̀ mi fà, n kò lè nà án mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi na gọ̀gọ̀ rẹ̀ sí mi, mo di ìkọ́ rẹ̀ mú, ó sì wọ́ mi dé ibi tí ẹsẹ̀ ti balẹ̀.

A jókòó sínú ẹrẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀, a kò dìde. Mo ń retí kó bú mi nítorí àpáta tí mo kọjá, kò bú mi. Nígbà tó yá, ó béèrè bóyá kò sí bọ́ọ̀dù tó tóbi ju ìyẹn lọ. Mo ní ó wà. Ó béèrè ta ló ní kí n mú kékeré. Mo ní èmi ni.

Ọdún méjì ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ti já bọ́ láti orí igi, ó sì lo oṣù mẹ́jọ lórí ìdùbúlẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ náà nìkan ni mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

"Nígbà tí mo padà sóko," ó ní, "ọkọ́ kékeré tí ìyàwó mi fi ń ro ẹ̀fọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń wò mí. Ojú tì mí gan-an. Ṣùgbọ́n mo kọ ebè."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, apẹja kan tí ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ ní Ìdòfin bá wa fi ọkọ̀ rẹ̀ yọ bọ́ọ̀dù náà. Lọ́jọ́ yẹn náà ni mo pe ọ̀rẹ́ mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: irọ́ ìwọ̀n, igi, okùn. Ó wá béèrè, láìbínú, kí ni ìwọ̀n mi gan-an. Mo ní mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ó ní, "O ṣeun. Èyí tó gùn ń dúró dè ọ́ níbí."

Nígbà tí mo dé etíkun lóṣù kẹjọ, n kò lè wọ omi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀rẹ́ mi so okùn mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ mi, mo sì tú u. Ó tún so ó, mo tún tú u. Ó jókòó sórí iyanrìn, ó ní kí n máa so ó, kí n máa tú u fúnra mi, pẹ̀lú ojú dídì, títí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n. Mo ṣe é fún bíi wákàtí kan. Lọ́jọ́ kejì mo wọ omi dé ìbàdí, mo dùbúlẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù gígùn náà, omi kò dé àyà mi. Ó gbé mi bí ẹní gbé ọmọ. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, ìgbì kọ̀ọ̀kan tó bá fọ́ lẹ́yìn mi ń mú kí n di bọ́ọ̀dù náà mú ṣinṣin. Àwọn tí wọ́n wà nítòsí mi kò ju ọmọ ogún ọdún lọ, wọ́n sì ń dìde, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kẹrin ni mo tó dìde. Ìgbì náà kò ga ju orúnkún lọ. Mo dúró, mo sì rí iyanrìn tó ń sún mọ́ mi. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Mo ṣubú, mo yọrí, mo sì fi ọwọ́ wá okùn náà kí n tó ṣe nǹkan mìíràn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, ọ̀rẹ́ mi gbé bọ́ọ̀dù ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ jáde, ó ní bí mo bá fẹ́, mo lè gbìyànjú rẹ̀ wò. Mo wò ó. Ó dára, àwọ̀ ojú ọ̀run ni wọ́n kùn ún. Mo ní kó jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀. Mo gbé èyí tó gùn lérí, mo sì rìn lọ sínú omi.