Férémù Bàbá Ó-Kù-Díẹ̀

Ìgbà ìkẹyìn tí aránṣọ gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀, orí fóònù ni, láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ó rò pé yóò béèrè oúnjẹ, tàbí kó ní kí wọ́n máa gbàdúrà fún òun. Ọkùnrin náà húkọ́, ó tún ọ̀fun ṣe, ó ní, "Ìyá Aránṣọ, tí o bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù olè yẹn, bá mi sọ fún un pé mi ò tíì dárí jì í o."

"Olè yẹn" ni ọkùnrin tó ń ta kẹ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu obìnrin náà lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ tí ì bá ti pa ìjà náà pátápátá. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé wọn kì í sọ irú ẹ̀ fún aláìsàn lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ gbádùn ná. Tẹ́ ẹ bá dé, a ó sọ̀rọ̀." Bàbá ò dé.

Ó-Kù-Díẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé iye yòówù kí ọlọ́jà dín ọjà kù sí, "ó kù díẹ̀" ni yóò wí. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn mìíràn nípa rẹ̀ yóò mọ ìtàn páǹpù. Ó lọ ra páǹpù táyà lọ́dọ̀ oníkẹ̀kẹ́ yìí láàárọ̀, ìgbà tí ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn. Oníkẹ̀kẹ́ tà fún ẹlòmíràn, ó jẹun ọ̀sán, ó fọwọ́, ìdúnàádúrà wọn kò tíì dé ibì kan.

"Ẹ̀gbọ́n, èló gan-an lẹ fẹ́ san?"

Ó-Kù-Díẹ̀ dá iye kan.

"Háà! Èyí kéré sí ti àárọ̀!"

"Ṣé páǹpù náà kò ti gbó sí i láti àárọ̀ ni?"

Oníkẹ̀kẹ́ ká ọwọ́ lérí. "Ẹ gbé e. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣáà máa lọ." Ó-Kù-Díẹ̀ gba páǹpù, ó fi ìka dí ẹnu rẹ̀, ó fún un wò, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní, "Ó dáa. Kí lo máa wá fi lé e?"

Ọjọ́ náà ni wọ́n di ọ̀rẹ́. Oníkẹ̀kẹ́ wá àpótí kan sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò sì sẹ́lòmíràn tó gbọdọ̀ jókòó sórí rẹ̀.

Ọgbọ̀n ọdún ni Ó-Kù-Díẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ ìjọba pín lẹ́tà. Òkè kan wà lẹ́yìn ìlú. Tó bá dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, yóò gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, yóò fẹsẹ̀ rìn gòkè lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé níbẹ̀, nítorí pé kẹ̀kẹ́ náà kò mọ òkè í gùn. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì, ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Mo máa gun òkè yẹn lórí kẹ̀kẹ́ kí n tó kú." Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ ti darúgbó." Ó ní, "Òkè náà ti darúgbó jù mí lọ."

Owó ìfẹ̀yìntì kò lè ra odindi kẹ̀kẹ́ tó ń gun òkè. Bàbá ní kò burú. "Èèyàn ò gbọdọ̀ ra kẹ̀kẹ́. Férémù ni kó rà. Tí egungun bá ti dáa, ẹran á máa bò ó díẹ̀díẹ̀." Kò sì fẹ́ gbọ́ nípa èyí tó ní sípíríǹgì lẹ́yìn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń rọ̀ tó ń jó lórí òkúta. Èyí tí iwájú nìkan ti ń rọ̀, tí ẹ̀yìn le gbagidi, ni tirẹ̀. Ó ní gbogbo oríkèé tó bá wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, owó ló ń bèèrè. "Èmi fúnra mi ní oríkèé tó ń dùn mí nílé. Mi ò ní fowó ra òmíràn."

Ọdún méjì ló fi ṣa férémù. Òòfà wà nínú àpò rẹ̀ tó fi ń mọ èyí tó jẹ́ irin àti èyí tó jẹ́ alumínímù. Ó gbé ìwọ̀n tí ìyàwó rẹ̀ fi ń wọn ìyẹ̀fun lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbé e padà pẹ̀lú gíríìsì. Ó máa ń ta férémù ní èékánná, yóò sì gbé etí lé e, torí ó ní irin tó bá ti là nínú kì í jẹ́ni lóhùn dáadáa. Oníbàárà kan wọlé lọ́jọ́ kan, ó bá a tó di ojú, tó gbé orí lé irin, ó rọra bi oníkẹ̀kẹ́ pé, "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Férémù ló ń bá sọ̀rọ̀."

"Kí ni férémù wí?"

Ó-Kù-Díẹ̀ la ojú kan. "Ó ní òun ti wọ́n jù."

Níkẹyìn, ó rí ọ̀kan tó wù ú. Àlòkù ni, aláwọ̀ ewé, ó fúyẹ́, ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ dán bí ojú ọgbẹ́ tó ti jinná. Oníkẹ̀kẹ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, férémù bíi ṣòkòtò ni. Tí kò bá bá ẹsẹ̀ yín mu, ìyà ni." Ó wọn ẹsẹ̀ bàbá, ó ṣírò, ó kọ ọ́ sórí bébà pé férémù oní-íǹṣì mọ́kàndínlógún ni kó wá. Ó tún ní, "Èyí tẹ́ ẹ dì mú yẹn kéré lójú mi. Ẹ jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n."

"Dúró sọ́hùn-ún. Rúlà ọlọ́jà, ọ̀rẹ́ ọlọ́jà ni." Ó sáré délé, ó já téèpù ìyàwó rẹ̀ lórí ìṣó láì bèèrè, ó padà lọ wọn férémù. Íǹṣì mọ́kàndínlógún géérégé! Ó sanwó, lẹ́yìn tó ti ní ó kù díẹ̀ nígbà méje.

Téèpù yẹn, ẹnu rẹ̀ ti jó nígbà kan. Áyọ́ọ̀nù ló bà á jẹ́, obìnrin náà sì gé íǹṣì méjì àkọ́kọ́ kúrò lórí rẹ̀. Kò ra òmíràn. Tó bá ti wọn èèyàn tán, á yọ méjì, á kọ ìyókù sílẹ̀, kò sì sí aṣọ kan tó fi rán tí kò bá olówó rẹ̀ mu. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n dáadáa débi pé kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Férémù tí bàbá rà, íǹṣì mẹ́tàdínlógún ni.

Oṣù mẹ́fà ló fi ra ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan: táyà, pẹ́dà, ìjókòó, fọ́ọ̀kì iwájú tó di táyà mú, tó ń rọ̀. Ọjọ́ tó gùn ún, orókún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ó wa kẹ̀kẹ́ náà dé òpin òpópónà bíi tata tó fẹ́ fò. Ẹnìkan kígbe pé, "Bàbá, ẹ dá kẹ̀kẹ́ ọmọ ọlọ́mọ padà o!" Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀rọ ìránṣọ mú. Ẹ̀rín yẹn ń dùn ún báyìí ju gbogbo ìjà tí wọ́n jọ jà lọ.

Bàbá pe oníkẹ̀kẹ́ wá sílé. "Nọ́ńbà irọ́ lo kọ fún mi, kí o lè rí férémù kékeré tà!"

"Ẹ̀gbọ́n, mọ́kàndínlógún ni mo kọ. Èyí kì í ṣe mọ́kàndínlógún."

"Ṣé téèpù ìyàwó mi ló ń purọ́ ni?"

Àwọn méjèèjì wo obìnrin náà. Ó jókòó ti ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ mẹ́rin wà láàárín ètè rẹ̀. Ó lè yọ wọ́n. Kò yọ wọ́n.

Ojú ló tì í. Ó ní òun á sọ fún un tínú rẹ̀ bá rọ̀. Ó di ọ̀la, ó di ọ̀sẹ̀, ó di ọdún kan. Ọ̀rọ̀ téèyàn ò bá sọ nígbà tó gbóná, tó bá tutù tán, ńṣe ló ń le bí àbẹ́là. Kẹ̀kẹ́ náà wà lára ògiri. Òkè wà níbi tó wà. Kò gùn ún.

Bàbá kò kí oníkẹ̀kẹ́ mọ́. Tó bá ń kọjá, àpótí ìjókòó rẹ̀ ni yóò kí: "Àpótí, ẹ káàárọ̀ o." Oníkẹ̀kẹ́ yóò dáhùn láti inú ṣọ́ọ̀bù pé, "Àpótí ní ẹ kú àárọ̀, sà."

Lẹ́yìn ìsìnkú, oníkẹ̀kẹ́ wá kí opó. "Ìyá, ẹ kú ìrọ́jú." Ó jókòó, kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí. Lójijì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ò mọ ohun tí Ẹ̀gbọ́n fojú mi rí. Ìgbà òjò tó kọjá, ìjì fẹ́ gbé tapólì iwájú ṣọ́ọ̀bù mi lọ. Mo di etí kan mú, ìkejì ń fò. Ẹ̀gbọ́n ń bọ̀ lọ́nà. Wọ́n yà, wọ́n di etí kejì mú, òjò ń pa wá, a ò sọ nǹkan kan títí mo fi so ó. Wọ́n gbọn omi aṣọ wọn dànù, wọ́n dé títì, wọ́n yíjú padà. Wọ́n ní, 'Mi ò kí ọ o.'"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, nígbà tó sì yá, kò mọ èyí tí í ṣe ti ẹ̀rín mọ́.

Oníkẹ̀kẹ́ nu ojú tirẹ̀ náà. "Ìyá, mo ti rò ó títí. Ojú mi kò dáa tó mọ́. Ó ní láti jẹ́ pé èmi ni mo ṣi ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n wọ̀n. Tẹ́ ẹ bá ń gbàdúrà, ẹ bá mi bẹ Ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Obìnrin náà la ẹnu. Ohun tó jáde ni, "Ẹ mu omi." Ọkùnrin náà mu omi, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ó ti di ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ìyànà mẹ́ta ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti wọ bàtà láti lọ. Ní ti àkọ́kọ́, òjò rọ̀. Ní ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, òjò kò rọ̀, ó sì tún bọ́ bàtà náà. Ọkùnrin náà ṣì rò pé òun ló jẹ̀bi. Obìnrin náà kò tíì sọ fún un.