Oyún Tó Kọ́lé Sójú Àpá

Agbẹ̀bí ni mí tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ mi bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ ekógíráfì wo inú aboyún. Yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Pobè kò tóbi: ibùsùn kan, ẹ̀rọ náà, àga méjì, ó tán. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, mo ní àṣà kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Bí mo bá ti rí ọkàn ọmọ tó ń lù, n ó yí ojú ẹ̀rọ sí ìyá rẹ̀ kí òun náà rí i. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn kan á sunkún. Mo máa ń ṣe é kí n tó wo ohunkóhun mìíràn, nítorí pé ó máa ń dùn mọ́ èmi gan-an.

Aránṣọ ni obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Abúlé Ahoyéyé ni ilé ọkọ rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ọkọ náà ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà ní Nàìjíríà, ní ìkọjá ẹnubodè, ó sì máa ń pẹ́ kó tó wálé. Bó ṣe ń dùbúlẹ̀ ló sọ fún mi, láìjẹ́ pé mo bi í, pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ òun àkọ́kọ́ jáde, pé obìnrin ni, pé ibà pa á nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ọdún kan. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ orúkọ abúlé rẹ̀ fún akọ̀wé.

Ó ní, "Ó ti tó oṣù méjì tí mi ò rí nǹkan oṣù mi, Tàǹtí. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ń yọ láti àná. Kò dùn mí o."

Mo fi jẹ́ẹ̀lì pa á níkùn, mo gbé ẹ̀rọ lé e. Kò pẹ́ tí mo fi rí ohun kékeré tó ń ṣẹ́jú láàárín òkùnkùn ojú ẹ̀rọ. Mo yí ojú ẹ̀rọ sí i bí ìṣe mi.

"Wò ó. Ọkàn rẹ̀ nìyẹn."

Ó gbé orí sókè, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ó wà láàyè?"

"Ó wà láàyè."

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó wo ibi tí oyún náà wà. Òkè ilé ọmọ ṣófo. Ìsàlẹ̀ ni oyún jókòó sí, níwájú, nínú ojú àpá tí abẹ ti gbà kọjá. Ẹran tó wà láàárín òun àti àpò ìtọ̀ ti fẹ́lẹ́ bí aṣọ tó gbó. Mo rọra fi ẹ̀rọ tì í, bóyá yóò yẹ̀ kúrò lójú kan. Kò yẹ̀. Àwòrán irú rẹ̀ nìkan ni mo ti rí rí, níbi tí wọ́n ti kọ́ wa. Mo yí ojú ẹ̀rọ padà sọ́dọ̀ ara mi.

"Tàǹtí, kí ló dé tí ẹ dákẹ́?"

Mo pe dókítà. Ó wá wò ó, ó pẹ́ lórí rẹ̀, ó ní kí obìnrin náà máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó kọ ìwé fún un, ó sì padà sídìí aláìsàn tó fi sílẹ̀. Èmi ló kù tí yóò ṣàlàyé.

Mo ní, "Oyún yìí kò sí níbi tó yẹ kó wà. Ojú àpá rẹ ló kọ́lé sí. Bó bá ń dàgbà, àpá náà lè ya, kí ẹ̀jẹ̀ sì dà sínú rẹ. Ó lè gba ẹ̀mí rẹ."

"Ṣé wọn ò lè tì í sókè ni?"

"Wọn ò lè ṣe é."

"Kí wá ni wọ́n fẹ́ ṣe ní Àjàṣẹ́?"

"Wọ́n á yọ ọ́."

Ó dìde jókòó. Mo na aṣọ ìnura sí i, kò gbà á. Ìró ara rẹ̀ ló fi nu ikùn. "Ẹ̀yin lẹ fi ọkàn rẹ̀ hàn mí," ló wí. "Ẹ ní ó wà láàyè." Ó ká ìwé dókítà sọ́wọ́, ó jáde.

Lọ́jọ́ kejì mo tẹ Àjàṣẹ́ láago. Kò débẹ̀. Fóònù tirẹ̀ kò wọlé. Lọ́jọ́ kẹta, tí mi ò níṣẹ́, mo gun zẹ́mì lọ sí Ahoyéyé. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ dúdú ibẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ táyà alùpùpù náà débi pé a sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a tì í. Mo bá ìyá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń bó àgbàdo. Ó fún mi lómi, ó jẹ́ kí n mu ún tán.

"Ìyàwó mi ní ẹ ní kí wọ́n yọ oyún òun."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Nítorí ẹ̀mí rẹ̀ ni."

Ó ń bó àgbàdo lọ. "Ọmọ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ̀yìn mi ló kú sí. Mo rò pé ó sùn ni. Ẹ má bi mí léèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ìyàwó náà wà ní ọgbà ìjọ."

Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n. Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin náà jókòó sórí ẹní nínú aṣọ àdúrà, alàgbà kan tó ti darúgbó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti múra ìjà sílẹ̀ nínú ara mi. Ṣùgbọ́n bàbá náà jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ títí mo fi dákẹ́.

Ó bi mí pé, "Ẹ̀rọ yín, ṣé ó máa ń ṣe àṣìṣe?"

"Ó máa ń ṣe, Bàbá. Èmi náà máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n dókítà wò ó pẹ̀lú mi, ohun kan náà la rí."

Ó yíjú sí i. "Ọmọ mi, a ti gbàdúrà. Ó yá, dìde, kí wọ́n gbé ọ lọ. A ò ní dáwọ́ àdúrà dúró."

Nígbà tó dìde, ẹ̀jẹ̀ ti wà lára aṣọ funfun náà, ó sì ń pọ̀ sí i lójú wa.

Ọkọ̀ tó fẹ́ kó gbágùúdá lọ sí Sakété ni alàgbà dá dúró fún wa. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi. Ìgbà tí a dé apá Yoko, ó ní, "Tàǹtí, òtútù ń mú mi." Oòrùn ń mú gan-an nígbà yẹn. Ní ilé ìwòsàn Sakété, wọ́n fi omi sí i lára, wọ́n sì gbé e sínú ọkọ̀ aláìsàn lọ sí Àjàṣẹ́ kíákíá. Wọ́n gba ẹ̀mí rẹ̀ là, ṣùgbọ́n àpá náà ti ya kọjá ohun tí wọ́n lè rán. Wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ pè mí láti Nàìjíríà. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí: "Ṣé ó ń mí?" Mo ní ó ń mí. Ẹkún rẹ̀ ni mo tún gbọ́.

Nígbà tí mo lọ wo obìnrin náà ní Àjàṣẹ́, dókítà ibẹ̀ ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó bi mí pé, "Ká ní mo wá lọ́jọ́ tí ẹ sọ yẹn ńkọ́?"

Mo lè parọ́, ṣùgbọ́n mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Bóyá wọn ì bá má yọ ilé ọmọ rẹ."

Ó kọjú sí ògiri. "Ká ní ẹ ò fi ọkàn yẹn hàn mí, ǹ bá ti lọ."

Mo jókòó tì í títí wọ́n fi lé àwọn àlejò jáde.

Ó lé lọ́dún mẹ́ta kí a tó tún ríra, ní Sakété, níbi tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ sí. Òun ló kọ́kọ́ rí mi, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé àga fún mi. Ọkọ rẹ̀ ti padà wálé, ó ní wọ́n jọ wà níbẹ̀. Aṣọ kakí ọmọ ilé ìwé ló wà lójú ẹ̀rọ rẹ̀.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ ṣì ń rí irú tèmi?"

"Mo ti rí méjì mìíràn."

"Ṣé wọ́n yè?"

"Ọ̀kan yè."

Ó mi orí. Ó tún òwú fi sínú abẹ́rẹ́, ó sì ń rán aṣọ náà lọ.